Ajé Gúnlẹ̀, Èrò Ńkọ́? Bí Àwọn Bàbá Wa Ṣe Ń Sọ̀kalẹ̀ Nínú Ọkọ̀ Òkun

Ọ̀kan nínú yín kọ̀wé sí mi pé kí n ṣàlàyé orúkọ Ajégúnlẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé Boundary, níbi tí Àpápá ti parí tí Ajégúnlẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀, ni mò ń gbé láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn: ajé gún ilẹ̀. Fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ "ilẹ̀" ni a pa jẹ, bí a ti ń ṣe lójoojúmọ́ láìmọ̀. Ṣùgbọ́n "gúnlẹ̀" fúnra rẹ̀ ló ní ìtàn. Ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ni. Tí imú ọkọ̀ àjẹ̀ bá gún iyanrìn etí omi, ọkọ̀ ti dúró nìyẹn, ó ti gúnlẹ̀. Láti ibẹ̀ ni a ti wá ń lò ó fún àlejò, fún ẹrù, títí kan ajé.

Ẹ má torí èyí sọ pé ọkọ̀ òkun Àpápá ló fún Ajégúnlẹ̀ lórúkọ o. Ajégúnlẹ̀ pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, àwọn kan nínú wọn sì jìnnà sí omi pátápátá. Ẹni tó tẹ ìlú dó tó sì ń fẹ́ kí ọjà tà níbẹ̀ lè pe ibẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a wò lónìí yàtọ̀ díẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ òkun ńlá kò lè gúnlẹ̀ ní Èkó rárá. Ajé ń bọ̀, èrò ń bọ̀, wọn a dé ẹnu ọ̀nà, wọn a sì dúró síta. Láàárín kí ọkọ̀ dé àti kí èèyàn fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, ohun mẹ́ta ló máa ń dí ọ̀nà: iyanrìn, ìwé àṣẹ, àti ọ̀rọ̀ onílẹ̀. Mo fẹ́ mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Iyanrìn ẹnu ọ̀sà

Níbi tí ọ̀sà Èkó ti ń wọ inú òkun, iyanrìn kó ara jọ sábẹ́ omi bí ẹni tẹ́ ẹní dí ẹnu ọ̀nà. Àwọn òyìnbó atukọ̀ ń pè é ní "bar". Ohun tó bí orúkọ Bar Beach nìyẹn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé ilé ọtí ni, àbí? Kò rí bẹ́ẹ̀. Iyanrìn ni.

Iyanrìn yìí kì í dúró sójú kan. Ìgbì a tì í síhìn-ín, a tì í sọ́hùn-ún. Ọkọ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá jìn sínú omi kò lè gba orí rẹ̀ kọjá. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì wá yìnbọn sí Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ńlá wọn tí ń jẹ́ Penelope kò lè wọlé. Àwọn kékeré, Bloodhound àti Teazer, pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ àtùjẹ̀ ló wọ inú ọ̀sà. Nítorí náà, ẹ lè pe iyanrìn yẹn ní ògiri Èkó. Ìlú mìíràn mọ odi yí ara wọn ká, odi Èkó wà lábẹ́ omi.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, 1852, ọkọ̀ méèlì bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Ìlú Ọba sí etíkun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà déédéé. Ilé iṣẹ́ African Steam Ship Company ló ni ín, Forerunner sì ni orúkọ ọkọ̀ wọn àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni Elder Dempster gba iṣẹ́ yẹn, tí orúkọ wọn sì di ohun tí gbogbo Èkó mọ̀. Síbẹ̀, fún ohun tó ju 60 ọdún lọ lẹ́yìn 1852, ọ̀rọ̀ kò yí padà: ọkọ̀ méèlì a dákọ̀ró síta, ọkọ̀ kékeré tí kò jìn nínú omi a wá kó èrò. Ẹrù ńkọ́? Nígbà mìíràn ẹrù Èkó a kọ́kọ́ kọjá Èkó lọ sí Forcados ní agbègbè Niger Delta, níbi tí omi ti jìn, kí ọkọ̀ kékeré tó tún gbé e padà wá.

Ẹ wo "ìdákọ̀ró" dáadáa: ì, dá, ọkọ̀, ró. Ohun tí a fi ń dá ọkọ̀ ró ni. Èdè wa ti ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ látilẹ̀ wá. Ọkọ̀ tó dákọ̀ró kò tíì gúnlẹ̀. O lè máa wo ilé rẹ lókèèrè, kí o máa gbóòórùn ẹja tí wọ́n ń yan, kí o má tíì dé.

Àga orí okùn

Báwo ni èèyàn ṣe ń kúrò nínú ọkọ̀ gíga bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré tí ìgbì ń gbé sókè sódò? Tí òkun bá tutù, àtẹ̀gùn okùn tó. Tí òkun bá ń ru, àga ni. Mammy chair ni gbogbo etíkun yìí ń pè é. Àpótí onígi ni, wọ́n kan ìjókòó sínú rẹ̀, èrò bíi mẹ́rin a jókòó kojú ara wọn. Kéréènì ọkọ̀ a gbé àpótí náà kúrò lórí dẹ́ẹ̀kì, a fì í síta, á wá máa rọra sọ̀ ọ́ sódò. Ẹni tó ń darí kéréènì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ìgbì. Ìgbà tí ọkọ̀ kékeré bá gòkè dé ibi gíga jù lọ ni kí ó jẹ́ kí àga bọ́ sí i. Bó bá pẹ́ díẹ̀, ọkọ̀ kékeré ti lọ sílẹ̀, àga a já lù ú pẹ̀lú èrò inú rẹ̀.

Èkó nìkan kọ́ o. Ní Accra, ọkọ̀ àtùjẹ̀ tí wọ́n ṣe fún ìgbì ló ń gbé èrò àti àpò kòkó la omi tó ń fọ́ sí etíkun kọjá. Àwọn atukọ̀ a jókòó sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọn a máa kọrin bí wọ́n ti ń tù, olórí wọn a dúró sẹ́yìn pẹ̀lú àjẹ̀ gígùn. Wọn kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́ yẹn títí èbúté Tema fi ṣí ní 1962. Ní Kùtọnu, àwọn Faransé kan afárá irin jáde sínú òkun ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1890, àwọn Jámánì sì ṣe irú rẹ̀ sí Lòmé ní 1904. Ọkọ̀ kékeré a dúró lábẹ́ afárá, kéréènì a wá fa èrò sókè nínú apẹ̀rẹ̀ bí ẹni fa omi nínú kànga. Kùtọnu kò ní èbúté omi jíjìn títí di 1965, Lòmé títí di 1968.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú iṣẹ́ tó wà ńbẹ̀. Èrò tó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ òkun ní ìgbésí ayé rẹ̀, ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti Ìlú Ọba bọ̀, ọwọ́ àwọn atukọ̀ yìí ni ẹ̀mí wọn wà: àwọn Gá, àwọn Fante, àwọn Kru láti etíkun Làìbéríà, àwọn Ìlàjẹ àti Ìjọ níhìn-ín. Ìwé ìtàn a kọ orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ sílẹ̀. Kì í sábà kọ orúkọ ẹni tó na ọwọ́ gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Àwọn tí kò yàn láti wọkọ̀

Kí a tó máa rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ àga orí okùn, ó yẹ kí a rántí àwọn tí ìrìn àjò òkun wọn àkọ́kọ́ kì í ṣe ìgbádùn. Bàbá gbogbo àwa tí a fi èdè Yorùbá ṣe iṣẹ́ ni Samuel Àjàyí Crowther. Àwọn ló ṣe ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó jáde ní 1843. Wọ́n jẹ́ ọmọdé nígbà tí wọ́n kó wọn lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Nínú lẹ́tà tí wọ́n kọ ní 1837, wọ́n sọ bí ojú odò ṣe dẹ́rù bà wọ́n nígbà tí wọ́n ń gbé wọn bọ̀ wá sí Èkó, nítorí wọn kò rí irú omi bẹ́ẹ̀ rí.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822, wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ àwọn Potogí kan. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ wọn. Ṣé ẹ rò pé inú àwọn ọmọ náà dùn lójú ẹsẹ̀? Ẹ̀rù ló bà wọ́n. Nínú ọkọ̀ ogun náà, wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n so rọ̀, wọ́n rí ọta ìbọn ńlá tó rí roboto, wọ́n sì rò pé ẹran ara èèyàn àti orí èèyàn ni. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ni wọ́n tó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ní Freetown. Nígbà tí wọ́n padà wá sí etíkun ilé wọn ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1845 gẹ́gẹ́ bí àlùfáà, Àgbádárìgì ni wọ́n gúnlẹ̀ sí, kì í ṣe Èkó.

Ní gírámà, ọkọ̀ ló ń gúnlẹ̀, èèyàn ló ń sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrú kì í sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni, bí ẹrù. Ẹ wo bí àmì kan ṣoṣo lórí "ẹru" ti ya "ẹrú" àti "ẹrù" sọ́tọ̀, tí àwọn òǹtajà èèyàn kò sì rí ìyàtọ̀ náà.

"Ẹ dúró sójú omi"

Ìdènà kejì ni ìwé àṣẹ. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ wa tó ti gba òmìnira ní Bràsíl ń padà wálé, àwọn tí a mọ̀ sí Àgùdà. Ní 1899, ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Aliança kó àwọn kan nínú wọn kúrò ní Bahia. Àìsàn bẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, àwọn èrò kan kú sójú omi. Nígbà tí wọ́n dé Èkó, ìjọba kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀kalẹ̀. Ẹ dúró sójú omi, ó di ìgbà tí a bá rí i pé àìsàn yín ti lọ.

Ẹ gbé e yẹ̀ wò. Ẹni tí wọ́n kó bàbá rẹ̀ lọ láìbèèrè ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló ń padà bọ̀ wálé, tí wọ́n ní kó dúró. Mi ò sọ pé òfin àìsàn kò dára o. Àwa tí a rí kòrónà ní 2020 mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ọkọ̀ ẹrú ń lọ, ta ló bèèrè àìsàn? António Olinto, òǹkọ̀wé ọmọ Bràsíl tó bá orílẹ̀-èdè rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Èkó, gbé ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, A Casa da Água, tó jáde ní 1969, ka orí irú ìpadàbọ̀ yìí.

Òkúta Abẹ́òkúta, ilẹ̀ Olúwa

Ní nǹkan bí ọdún 1908, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri òkúta jáde sínú òkun ní ẹnu ọ̀sà, kí omi lè máa fi agbára gbá iyanrìn kúrò. Níbo ni òkúta ti wá? Àrò ní Abẹ́òkúta, réluwéè ló kó wọn wá. Òkúta Ẹ̀gbá ló ṣílẹ̀kùn Èkó. Nígbà tó fi máa di 1914, ọkọ̀ òkun ti ń wọlé. Àmọ́ òkun kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kan láìgbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Iyanrìn tó yẹ kó máa lọ tẹ́ Bar Beach kò rí ọ̀nà kọjá mọ́, láti ìgbà náà ni òkun sì ti ń jẹ etíkun yẹn, títí wọ́n fi wá ń kó iyanrìn dí omi láti kọ́ Eko Atlantic.

Lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn ṣí, ó kù kí wọ́n wá ibi tí ọkọ̀ yóò fara ti. Àpápá ni wọ́n yàn. Ibí ni ìdènà kẹta ti wọlé: ta ló ni ilẹ̀?

Ní 1913 ni ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá fún iṣẹ́ ìlú. Ìdílé Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn olóyè onífìlà funfun, ló ni ilẹ̀ náà. Àwọn ilé ẹjọ́ ìhín sọ pé owó tí ó tọ́ sí olóyè kì í ṣe owó onílẹ̀, pé owó ẹni tó kàn ń bójú tó ilẹ̀ ni. Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjánì, kò gbà. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1920, àwọn àti Herbert Macaulay wọ ọkọ̀ òkun, wọ́n mú ọ̀pá Ẹlẹ́kọ̀ dání, ọ̀rọ̀ ọ̀pá yẹn sì dá wàhálà ńlá sílẹ̀ láàárín ìjọba àti Ẹlẹ́kọ̀ Èṣùgbàyí. Ní oṣù Keje ọdún 1921, ìgbìmọ̀ Privy Council dá Olúwa láre. Viscount Haldane kọ ọ́ pé kí wọ́n má fi òye òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọn ilẹ̀ wa, pé ilẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ẹbí àti àwùjọ, kí wọ́n sì san owó gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ilẹ̀ ní kíkún. £22,500 ni wọ́n san níkẹyìn. Títí di òní, àwọn adájọ́ wa ṣì ń tọ́ka sí ẹjọ́ yẹn.

Ohun tó máa ń wú mi lórí nínú ìtàn yìí nìyí. Onílẹ̀ wọ ọkọ̀ òkun kúrò ní ilẹ̀ rẹ̀, ó lọ sọ̀kalẹ̀ ní ilẹ̀ onílẹ̀, kí wọ́n tó gbà fún un pé òun ló ni ibi tí ọkọ̀ yóò máa gúnlẹ̀ sí. Ilẹ̀ ló wà nínú "gúnlẹ̀". Bí a bá pa fáwẹ̀lì rẹ̀ jẹ, a kò lè pa onílẹ̀ jẹ.

Ìgbà ọkọ̀ méèlì

Ní 1926 ni wọ́n ṣí ibùdókọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ ní Àpápá, gígùn wọn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1,800, réluwéè sì wọ inú rẹ̀. Láàárín 1948 sí 1956 ni wọ́n fi márùn-ún kún un. Nígbà náà ni àga orí okùn di ìtàn l'Ékòó. Èèyàn a wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn sọ̀kalẹ̀ lórí pákó, pẹ̀lú fìlà lórí.

Elder Dempster fi Àpápá sọ ọkọ̀ wọn lórúkọ. Ọkọ̀ Apapa kan rì ní 1917, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jámánì ló yìnbọn lù ú. Èkejì rì ní 1940, bọ́ǹbù àwọn Jámánì ló bà á. Ẹ̀kẹta bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1948. Èyí tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa fẹ́ràn jù ni Aureol, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1951. Òkè kan ní Freetown ló ń jẹ́ Aureol, orí òkè náà ni Fourah Bay College wà, ilé ẹ̀kọ́ tí Àjàyí Crowther wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1827. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni láti Liverpool dé Èkó, ọkọ̀ a sì máa yà ní Las Palmas, Freetown àti Takoradi. Ní èbúté kọ̀ọ̀kan, èrò a sọ̀kalẹ̀ lọ wo ọjà, a tún sáré padà kí fèrè tó dún. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn. Ní 1974, Aureol dá iṣẹ́ dúró. Ọkọ̀ òfuurufú ti gba èrò. Lónìí, o lè ti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láìrí Freetown láéláé.

Boundary

Èrò ti lọ, ẹrù ló kù. Ní 1975, ìjọba ológun ra sìmẹ́ńtì tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù. Àpápá kò lè gbà á. Ọkọ̀ tó ju 400 lọ dákọ̀ró síta, wọ́n ń dúró, owó ìdúró ń gun orí owó, sìmẹ́ńtì inú àwọn kan sì dì. Lójú mi, iyanrìn ẹnu ọ̀sà ti padà dé ní ọ̀nà mìíràn. Èyí ló mú kí wọ́n sáré kọ́ èbúté Tin Can Island, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹwàá ọdún 1977.

Ta ló wá ń kó gbogbo ẹrù yìí? Àwọn ará Ajégúnlẹ̀ wà nínú wọn. Bí èbúté ṣe ń gbòòrò ni àwọn òṣìṣẹ́ ń dé: Ìlàjẹ, Ìjọ, Urhobo, Ìgbò, Yorùbá láti ìlú gbogbo. Wọn kò lè gbé Àpápá tó ní títì títẹ́jú àti ọgbà ìtànná. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Èdè tó ju mẹ́wàá lọ ni mò ń gbọ́ bí mo bá rìn láti ilé dé ọjà Boundary. Fún onímọ̀ èdè, ọrọ̀ ńlá nìyẹn. Pijin tí wọ́n fi so ara wọn pọ̀, ọmọ ìyá kan náà ni pẹ̀lú èyí tí àwọn atukọ̀ ń sọ ní gbogbo etíkun yìí.

Òyìnbó ló ni ọ̀rọ̀ náà, Boundary. Ààlà. Nínú Àpápá, títì kan ń jẹ́ Liverpool Road. Ẹni tó bá ti Ajégúnlẹ̀ bọ̀ lè dé Liverpool tiwa kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, ṣùgbọ́n kí ó tó wọ ẹnu géètì wọ́ọ̀fù, ó di pé kó fi káàdì hàn. Ajé ti gúnlẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó ń fi orí rù ú kúrò nínú ọkọ̀ ṣì ń gbé nínú àdúgbò tí omi ń wọ ilé ní gbogbo ìgbà òjò. Ó yẹ kí ẹjọ́ tí Olúwa rò ní 1921 kọ́ wa pé kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ló yẹ kó rí ibi fara tì.

Ẹ ṣe nǹkan kan fún mi, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ bá ní òbí tàbí òbí àgbà tó ti lé ní ẹni 80 ọdún, tó fi ọkọ̀ òkun lọ sí Ìlú Ọba, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: kí ni orúkọ ọkọ̀ náà, èbúté wo ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, kí sì ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún àwọn nǹkan inú ọkọ̀? Ẹ fi ohùn wọn sínú fóònù, àmì ohùn pẹ̀lú, kì í ṣe kíkọ nìkan. Àwọn tó gun Aureol kẹ́yìn ti dàgbà. Bí wọ́n bá lọ, ọ̀rọ̀ wọn a bá wọn lọ, kò sì sí kéréènì tó lè fà á sókè.